Ẹsẹ̀ Mummy Waris Kí Wọ́n Tó Lọ sí Mẹ́kà

Ọ̀rọ̀ tí Mummy Waris fi ránṣẹ́, èmi nìkan kọ́ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Orí WhatsApp ẹgbẹ́ àsàlátù wa ni wọ́n gbé e sí, lójú obìnrin bí ogóje. Wọ́n ní: "Ẹ̀yin ìyá mi àti ẹ̀yin àbúrò mi, mò ń lọ sí Hájì ní Sátidé tó ń bọ̀, in shaa Allah. Ẹni tí mo bá ṣẹ̀, yálà mo mọ̀ tàbí n kò mọ̀, kó foríjì mí nítorí Ọlọ́run." Wọ́n wá fi òdòdó mẹ́ta àti ọkọ̀ òfuurufú kan sí ìdí ẹ̀.

Bí àwa Mùsùlùmí ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà gbọ́dọ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ èèyàn kó tó gbéra. Ọlọ́run lè fi ẹ̀ṣẹ̀ tí o ṣẹ̀ ẹ́ jì ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ẹ̀dá, àfi kí ẹ̀dá ọ̀hún fúnra ẹ̀ yọ̀ǹda ẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé ẹnu lásán ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣe é. Kíá, àwọn obìnrin ti ń dáhùn: "A ti foríjì yín, Mummy." "Kí Ọlọ́run gbà á ní Hájì." Kí n tó po tíì tán, àforíjì ti tó ọgọ́ta.

Èmi náà tẹ tèmi. Mo ní: "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe fún mi, kí n lè mọ ohun tí mò ń foríjì."

Ẹnì kan kọ nǹkan, ó tún yára pa á rẹ́. Títí ilẹ̀ fi ṣú lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó fi òdòdó ránṣẹ́ mọ́.

Ẹ má rò pé àṣìṣe ni o. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi dúró de obìnrin yẹn, ọjọ́ tí wọ́n máa nílò nǹkan kan lọ́wọ́ mi tí ẹlòmíràn ò lè fún wọn. Ìgbà tó dé, ara mi yá gágá, mo jẹun yó lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sùn bí ọmọ ọwọ́.

Àsúmáù lorúkọ mi. Ẹsẹ̀ ni mò ń tọ́jú jẹun. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́yìn Rye Lane ní Peckham, ní London níbí, láàárín ẹni tó ń tún fóònù ṣe àti ẹni tó ń ta ìpara. Bí èékánná ẹsẹ̀ rẹ bá wọnú ẹran, bí gìgísẹ̀ rẹ bá sán, bí awọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ bá gan débi pé ò ń tiro, èmi ni wàá wá bá. Mo tún máa ń lọ sílé àwọn arúgbó tí kò lè jáde, láti Catford títí dé Surrey Quays. Bí wọ́n bá bi mí pé kí ló dé tó jẹ́ ẹsẹ̀ ni mo yàn láàyò, mo máa ń ní pé kọ́ọ̀sì ẹ̀ ni kò pẹ́. Irọ́ ni mò ń pa fún wọn.

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí Mummy Waris mú mi wá láti Ìsẹ́yìn. Ìbátan ìyá mi ni wọ́n. Wọ́n sọ nílé pé ilé ìwé ni mò ń bọ̀ wá lọ. Wíìgì ni wọ́n ń tà nígbà yẹn, kì í ṣe èyí tí ẹ̀rọ ń rán, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ so irun ẹ̀ mọ́ àwọ̀n ní fọ́nrán kọ̀ọ̀kan ni, tí àwọn ìyàwó tuntun àti àwọn ìyàwó pásítọ̀ máa ń tò fún. Ìkọ́ tín-ín-rín kan báyìí ni wọ́n fi ń so ó. Ojú tó mọ́lẹ̀ àti ìka kékeré ló ń ṣe é yá. Wọ́n gbé àpótí kan fún mi nínú yàrá ẹ̀yìn, mo jókòó lé e lọ́jọ́ kejì tí mo dé, ọdún márùn-ún ni mo fi jókòó lé e.

Wọn ò tì mí mọ́lé o. Kò sí kọ́kọ́rọ́ kankan lára ilẹ̀kùn yẹn. Bàtà mi ni wọ́n kó. Wọ́n ní èyí tí mo wọ̀ wá ti há mọ́ mi lẹ́sẹ̀, wọ́n sọ ọ́ nù, wọ́n ní àwọn máa ra òmíràn. Wọn ò rà á títí. Bàtà tiwọn àti ti ọmọ wọn, Waris, bí wọ́n bá ti wọlé báyìí, inú bùútù ọkọ̀ ni wọ́n ń kó o sí, wọ́n á tì í. Ẹ̀yin tí ẹ mọ òtútù ìlú yìí, ẹ sọ ibi tí ọmọbìnrin fẹ́ lọ ní oṣù Kìíní láìwọ bàtà. Ojú fèrèsé ni mo ti ń wo àwọn ẹgbẹ́ mi tí wọ́n ń ti ilé ìwé bọ̀, tí wọ́n ń sáré lé bọ́ọ̀sì. Bí àlejò bá ní ṣé ọmọ yìí kì í jáde ni, Mummy Waris á ní: "Mò ń ṣọ́ ọ ni jàre. Àwọn ọmọ Peckham yìí á bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ọkọ gidi ni mo fẹ́ kó fẹ́." Àlejò á ní wọ́n ṣe bí ìyá, á sì gbàdúrà fún wọn.

Ọjọ́ tí mo pé ọdún mẹ́tàdínlógún, mo wọ ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta lé ara wọn, mo rìn dé mọ́ṣáláṣí, n ò padà mọ́. Èmi àti Mummy Waris ò jà lójú ayé. A máa ń kíra lẹ́gbẹ́ àsàlátù, wọ́n á bi mí nípa ọkọ, wọ́n á bi mí nípa ọmọ. Inú mi ni mo ti ń bá wọn jà, ojoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá.

Ọjọ́ kejì tí mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn sórí WhatsApp ni Waris pè mí. Ó ti di géńdé, ó ń wa bọ́ọ̀sì. "Sister Àsúmáù, ẹ jọ̀ọ́ now," ó ní. "Mummy ń sunkún since yesterday. Alfa tó ń kọ́ wọn ní Hájì ní tí ẹnì kan bá ti kọ̀, àfi kí wọ́n lọ bá a face to face. Just say it, it's one line, innit. Kí ló máa ná yín?"

"Waris, ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́ nígbà tí mò ń gbé lọ́dọ̀ yín?"

"Like, seven? Eight?"

"Ṣé o rántí bàtà mi?"

Mo ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. "I don't remember you wearing any," ó ní nígbà tó yá. Ohùn ẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Mo ní kó sọ fún màmá ẹ̀ kí wọ́n wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù.

Kí n tó sọ bí wọ́n ṣe wá, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Màmá Tang, torí àwọn ló là mí lójú. Ọmọ Ṣáínà ni wọ́n, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. Surrey Quays ni wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn obìnrin tó ń jẹ́ Lin. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ bọ́ ìbọ̀sẹ̀ wọn, ọwọ́ mi dúró. Ẹsẹ̀ àgbàlagbà tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Àtàǹpàkò nìkan ló nà síwájú. Ìka mẹ́rin yòókù ká sábẹ́, wọ́n lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ pẹ́típẹ́tí. Gìgísẹ̀ àti iwájú ẹsẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé, àlàfo àárín wọn jìn débi pé ó gba ìka mi.

Lin ló ń túmọ̀ fún mi. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Màmá Tang nígbà tí ìyá bàbá wọn dì wọ́n lẹ́sẹ̀ ní abúlé wọn. Aṣọ gígùn ni wọ́n rẹ sómi, kó lè fún sí i bó bá ń gbẹ. Wọ́n ká ìka sábẹ́, wọ́n fà á le, wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán etí ẹ̀ pa kó má ṣeé tú. Wọ́n wá ní kí ọmọ dìde kó máa rìn, kí ìwúwo ara ẹ̀ fúnra ẹ̀ kán egungun ọ̀hún. Ìjọba ti fòfin de nǹkan yìí nígbà náà. Bí àwọn tó ń yẹ ẹsẹ̀ ọmọ wò bá wọ abúlé, ìyá àgbà á gbé Màmá Tang pamọ́ sẹ́yìn àpò ìrẹsì, á di ẹnu wọn mú. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, tí ìyá ń ṣe é fún ọmọ, tí ọmọ ń dàgbà tí òun náà ń ṣe é fún tiẹ̀. Wọ́n ní torí ọkọ ni. Alárinà tó bá ń wá ìyàwó, ẹsẹ̀ ló máa kọ́kọ́ bèèrè kó tó bèèrè ojú. Ẹlẹ́sẹ̀ ńlá, ọmọ oko ni, ìránṣẹ́ ni, ta ló fẹ́ fẹ́ irú ẹ̀ sílé.

Mo ní ṣé lóòótọ́ ni pé torí ọkọ ni. Lin túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi. Màmá Tang rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n ń yí ìka wọn bí ẹni tó ń ran òwú.

"Wọ́n ní òwú ni," Lin ní. "Láàárọ̀ dalẹ́ ni àwọn ọmọbìnrin ilé wọn ń ran òwú, aṣọ ẹ̀ ni ìyá àgbà ń tà lọ́jà. Wọ́n ní ọmọ ọdún mẹ́fà tó lè sáré, ta ló máa mú un jókòó ti òwú? Èyí tí kò lè sáré, kò sí ohun tó máa ṣe ju kó jókòó."

Abẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọlọ́run ló yọ mí tó fi jẹ́ pé ilẹ̀ ló bọ́ sí. Gbogbo ọdún tí mo ti ń ro ọ̀rọ̀ ara mi, mi ò mọ ohun tí màá pè é. Wọn ò lù mí. Wọn ò fi ebi pa mí. Bí mo bá sọ fún èèyàn pé wọn ò ra bàtà fún mi, á ní ṣé torí bàtà lo ṣe ń bínú. Arúgbó yìí wá yí ìka méjì lójú mi, gbogbo ẹ̀ hàn kedere. Mo sọ tèmi fún wọn lọ́jọ́ yẹn, àpótí, wíìgì, bùútù ọkọ̀, gbogbo ẹ̀. Màmá Tang gbọ́ ọ títí dópin.

Wọ́n wá sọ ohun tí wọn ò tíì sọ fún Lin pàápàá rí. Nígbà tí ìyá àgbà yẹn kú, Màmá Tang ni wọ́n ní kí wọ́n rán bàtà òkú, torí kò sẹ́ni tó mọ abẹ́rẹ́ ẹ́ lò tó wọn nínú ilé. Lọ́dọ̀ wọn, obìnrin ẹlẹ́sẹ̀ dídì máa ń wọ bàtà kékeré tó lárà lọ sínú sàréè, kí àwọn ará ọ̀run lè mọ̀ pé ọmọlúàbí ló ń bọ̀. Màmá Tang rán an, ó rẹwà, òdòdó pupa wà lára ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kó tóbi tó bàtà ọkùnrin tó ń tulẹ̀. Wọ́n ki òwú sí i nínú, wọ́n wọ̀ ọ́ fún òkú náà kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, wọ́n fi aṣọ bò ó, wọ́n sì sunkún bí gbogbo ọmọ ilé ṣe ń sunkún. "Wọ́n ní títí ayé ló máa jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ ńlá lọ́run," Lin ní. Ojú ti Lin. Màmá Tang rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, èmi náà bá wọn rín in. Ẹ̀san dùn jàre, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín.

Wọ́n kú ní oṣù Kejì ọdún yìí. Lin ló fún mi ní ọ̀kan nínú àwọn bàtà tí wọ́n wọ̀ lọ́mọdé, mo gbé e sórí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni Mummy Waris wá, ọjọ́ méjì kí wọ́n tó gbéra. Wọ́n ti ń lọ sí àádọ́rin ọdún. Wọ́n ra ọsàn dání, wọ́n gbé e sórí tábìlì. "Àsúmáù ọmọ mi," wọ́n ní, "mo ní kí n wá fi ẹsẹ̀ yìí hàn ẹ́. Wọ́n ní ìrìn ibẹ̀ pọ̀."

Mo ní kí wọ́n jókòó. Mo bọ́ bàtà wọn, mo ki ẹsẹ̀ wọn sínú omi gbígbóná, mo jókòó sí ìsàlẹ̀ wọn. Gìgísẹ̀ wọn sán, awọ abẹ́ ẹ̀ gan. Ẹsẹ̀ tó ti rìn dáadáa ni, tó ti wọ bàtà gidi.

"Ta ló bímọ?" wọ́n ní, wọ́n ń wo orí pẹpẹ. "Bàtà yẹn mà wuyì o."

"Kì í ṣe ti ọmọ tuntun, Mummy. Màmá kan tó kú lọ́mọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún ló ni ín."

Wọ́n rò pé mò ń ṣàwàdà. Mo nu ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn gbẹ, mo mú abẹ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í họ gìgísẹ̀, mo sì ń sọ̀rọ̀ lọ. Mo sọ gbogbo ẹ̀. Mi ò kánjú. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ń ká ìka sábẹ́, mo di ìka tiwọn mú, mo tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ díẹ̀. Mi ò ni wọ́n lára. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà ni.

"Astagfirullah," wọ́n ní. "Ìyá wo ló ń ṣe irú ẹ̀ fún ọmọ?"

"Ìyá tó fẹ́ kí ọmọ fẹ́ ọkọ gidi."

Mo wá sọ ti òwú fún wọn. Mo ní ìyá àgbà ọ̀hún nílò ọwọ́ ọmọ, ẹsẹ̀ ọmọ ló ń dí ọwọ́ ọ̀hún lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ wọn gan mọ́ mi lọ́wọ́. Wọ́n fẹ́ fà á, mo dì í mú.

"Àsúmáù, èmi ò di ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni."

"Ẹ ò dì í, Mummy. Ẹ ò tiẹ̀ fi aṣọ ṣòfò."

"Mo gbà ọ́ bí ọmọ ni. Mo fún ẹ lóúnjẹ. Mò ń ṣọ́ ẹ ni, o mọ bí Peckham ṣe rí nígbà yẹn."

Mo ń họ gìgísẹ̀ lọ. Eérú awọ ń já sórí aṣọ tí mo tẹ́ sẹ́sẹ̀. N ò dá wọn lóhùn, n ò gbójú sókè. Iṣẹ́ yìí kọ́ mi pé bí o bá di ẹsẹ̀ èèyàn mú pẹ́ tó, tí o ò sì sọ̀rọ̀, òun ló máa sọ̀rọ̀.

"Mo gba bàtà kúrò lẹ́sẹ̀ ẹ," wọ́n ní.

"Kí ló dé?"

"Kí o má baà jáde."

"Bí mo bá jáde ńkọ́?"

"Iṣẹ́ á dúró," wọ́n ní. "Àwọn oníbàárà ti sanwó sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè so irun bíi tìẹ. Ọwọ́ ẹ ni mo fẹ́, Àsúmáù. Torí ọwọ́ ẹ ni." Wọ́n bú sẹ́kún.

Ẹ gbà mí gbọ́, mo fẹ́ foríjì wọn nígbà yẹn. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń wá láti ìgbà èwe mi ni wọ́n sọ yẹn, láti ẹnu ara wọn. Àyà mi rọ̀. Mo ti gbé abẹ kalẹ̀, mo ti la ẹnu. Wọn ò jẹ́ kí n sọ ọ́. Ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bì, gbogbo ẹ̀ ló ń tú jáde.

"Ìyá ẹ fi bàtà ránṣẹ́," wọ́n ní.

Mo wò wọ́n.

"Ẹ̀ẹ̀mejì. Ó gbé e fún ẹni tó ń bọ̀ ní London. Kò mọ bí ẹsẹ̀ ẹ ṣe tóbi tó mọ́, ó wá gbé ẹsẹ̀ ọmọ kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ ẹ lé orí ìwé, ó fi bírò fa etí ẹ̀ yí ká, ó gbé ìwé náà fún aránbàtà. Ìwé náà wà nínú bàtà. Ó kọ ọ́ sí i pé bí kò bá bá ẹ mu, kí o fa tìẹ padà wá."

"Kí lẹ fi bàtà náà ṣe?"

"Mo fún ọmọ ẹlòmíràn."

"Ìwé náà ńkọ́?"

"Mo sọ ọ́ nù."

Ọdún kẹrin tí mo wà lórí àpótí yẹn ni ìyá mi kú ní Ìsẹ́yìn. N ò sunkún wọn. Mo rò pé wọ́n ti gbàgbé mi, pé wọ́n fi mí tọrẹ, wọn ò tiẹ̀ bèèrè bóyá mo wà láàyè. Bí wọ́n bá ní ká ṣàdúà fún òkú ní àsàlátù, tí mo bá dé orí orúkọ ìyá mi, mo máa ń fò ó ni. Ọdún mélòó nìyẹn. Mo ti bínú sí ẹni tó ń fa ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ sórí ìwé nítorí mi.

N ò sọ ìkankan nínú ẹ̀ jáde. Mo ní: "Ẹ gbé ẹsẹ̀ òsì wá, Mummy."

Mo ṣe ẹsẹ̀ òsì yẹn ju bí mo ṣe ṣe ti ọ̀tún lọ. Mo họ gbogbo awọ tó gan. Mo gé èékánná rẹ̀ títọ́, mo fi fáìlì dán an. Mo fi òróró pa gìgísẹ̀, mo rọra ń tẹ̀ ẹ́ títí gbogbo ibi tó sán fi rọ̀. N ò tọ́jú ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ rí, kódà ti Màmá Tang.

Wọ́n dìde, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n rìn lọ sídìí ilẹ̀kùn, wọ́n rìn bọ̀. "Ó mà rọ̀ o," wọ́n ní. Omi ṣì wà lójú wọn. "Kò tiẹ̀ dùn mí níbì kankan mọ́. Àsúmáù, o ní kí n sọ ọ́, mo ti sọ ọ́. N ò fi nǹkan kan pamọ́. Foríjì mí nítorí Ọlọ́run."

Mo mọ̀ pé ẹ̀san ńlá ń bẹ fún ẹni tó bá foríjì. Wọ́n kọ́ mi, mo sì gbà á gbọ́. Kí Ọlọ́run máa bá mi tọ́jú ẹ̀san ọ̀hún fún ẹlòmíràn.

"N ò foríjì yín, Mummy," mo ní. "Ẹ máa lọ. Ẹ̀ẹ̀meje lẹ máa yí Káábà ká, mo sì ti rí sí i pé ẹsẹ̀ ò ní dùn yín. Ẹ ò ní máa ro gìgísẹ̀. Ẹ ò ní máa ro ìka. Èmi àti ìyá mi nìkan lẹ máa máa rò."

Mo gbé báàgì wọn fún wọn, mo ṣí ilẹ̀kùn. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n lọ ire, kí wọ́n bọ̀ ire.